Ààwẹ̀ Kaspar

Ẹni tó pè: Abdulrasheed, níbi tó ti ń dúró de nọ́ńbà rẹ̀ ní ọ́fíìsì àwọn àjèjì, Moabit, Berlin.
Ẹni tó gbé e: Mọ̀ríámọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Wilhelmsburg, Hamburg.
Ọjọ́rú, ààwẹ̀ kẹrìnlá, 2018. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀.

[Fóònù ń dún. Ariwo èrò ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin.]

RASHEED: Salamu alaikun, Sister mi. Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ kú ààwẹ̀.

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Wa alaikun salamu. Ràṣídì, ṣé dáadáa lo jí? O kú òùngbẹ. Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ wa.

RASHEED: Àmín. Bàbá Yusrah ńkọ́?

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Wọ́n ti lọ síbi iṣẹ́ ní èbúté láti aago márùn-ún. Yusrah ti lọ sílé ìwé. Gbogbo wa wà ní àlàáfíà—

RASHEED: Alihamudulilai. Sister mi, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ dé báyìí?

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Mo ti wà ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin S-Bahn. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí ọkọ̀ dé.

RASHEED: Kaspar ńkọ́?

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Àlejò ẹ wà nínú báàgì ẹ̀. Ó yọrí síta, ó ń wo èrò. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń rẹ́rìn-ín sí mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà ní Hamburg, ẹnìkan ò rẹ́rìn-ín sí mi ní ibùdókọ̀ rí. Àṣé ajá ni mi ò ní.

RASHEED: Ṣé ó ń mí dáadáa?

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Ó ń mí. Mo kà á nígbà tó ń sùn, bí o ṣe kọ́ mi. Ogójì ní ìṣẹ́jú kan.

RASHEED: Ogójì?

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀.

RASHEED: Nígbà tí mo gbé e wá fún yín níjẹta, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Ó ti ń le sí i. Òní ò gbọdọ̀ yẹ̀, Sister mi.

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Kò ní yẹ̀, inṣá Allah. Bàbá Yusrah bi mí lánàá pé ṣé òótọ́ ni pé wọ́n máa dá ọkàn ajá dúró, kí wọ́n tún ilẹ̀kùn inú ẹ̀ ṣe, kí wọ́n wá tún un tàn padà. Mo ní bí Ràṣídì ṣe wí nìyẹn. Wọ́n ní kí ló máa wá gbé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kiri títí wọ́n á fi parí? Mo ní ẹ̀rọ kan wà. Wọ́n bá lọ ṣe alùwàlá.

RASHEED: Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ilẹ̀kùn yẹn ò padé mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó lọ síwájú ń ṣẹ́rí padà, omi ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀. Oògùn ò ká a mọ́. Àwọn dókítà ẹranko tó wá sí Hamburg láti Japan ló mọ̀ ọ́n ṣe, ọ̀la ni wọ́n sì ń padà lọ.

MỌ̀RÍÁMỌ̀: O ti sọ gbogbo ẹ̀ fún mi.

RASHEED: Mò ń tún un sọ ni, kẹ́ ẹ lè mọ̀. Tá a bá pàdánù tòní, Frau Wiese tó ni ín ò ní bá a láyé tó bá fi máa kúrò ní ọsibítù.

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Ẹsẹ̀ wọn ńkọ́?

RASHEED: Egungun ẹ̀ ti ń jinná, ṣùgbọ́n kò tíì lè dìde. Gbogbo àárọ̀ ló ń pè mí. Kì í béèrè mi. Kaspar ló ń béèrè.

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Mo ti fi wọ́n sínú àdúà mi. Frau Wiese ni mo ní lọ́kàn o. Àdúà ajá, mi ò mọ èyí tí wọ́n ń ṣe.

[Ohùn ẹ̀rọ kan ń pe nọ́ńbà ní Jámánì.]

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Ṣé ìwọ ni wọ́n pè yẹn?

RASHEED: Rárá, èèyàn méjìlá ṣì wà níwájú mi. Sister mi, ká ní mo lè sún appointment yìí síwájú ni, èmi fúnra mi ni mi ò bá gbé e lọ. Oṣù mẹ́ta ni mo fi dúró dè é. Frau Wiese fúnra ẹ̀ ló ní mi ò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti bá mi wá jókòó síbí, nígbà tí mi ò tíì gbọ́ Jámánì. Ó máa ń gbé Kaspar lé itan. Òní nìkan ni mo dá wá.

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Nítorí oore yẹn ni mo ṣe gbà á sílé mi. Ṣé o rò pé mo fẹ́ràn ajá ni? Balùwẹ̀ ló sùn. Ìbọ̀wọ́ tí mo mú bọ̀ láti ilé ìdáná Kita, jẹ́lé-ó-sinmi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, tí mo fi ń gé ẹran fáwọn ọmọ, òun ni mo fi ń gbé e. Mo ti lo páálí kan tán.

RASHEED: Mo mọ̀. Ẹ ṣeun gan-an. Ọlọ́run á san án fún yín.

[Ariwo ọkọ̀ ojú irin tó ń wọlé.]

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Ọkọ̀ dé. Jẹ́ kí n wọlé kí n jókòó.

RASHEED: Mi ò ní gé e. Tẹ́ ẹ bá dé ọsibítù ẹranko ọ̀hún, ẹ fún wọn ní fáìlì tó wà lẹ́yìn báàgì. Ìwé àṣẹ tí Frau Wiese sign wà nínú ẹ̀, orúkọ yín ló wà níbẹ̀. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n máa gbà á, mẹ́wàá ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò ní ju—

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Ràṣídì? Ṣé o gbọ́ mi?

RASHEED: Mo gbọ́ yín. Ẹ ò ní ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lẹ́nu ọ̀nà.

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Fọkàn balẹ̀. Mo ti tọ́jú ẹ̀ bí èèyàn ṣe ń tọ́jú àlejò. Ó jẹun, ó yó, ó lá abọ́ mọ́ nini. Dàbínù gan-an ò ṣẹ́ kù.

RASHEED: Dàbínù wo?

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Dàbínù sàárì.

[Ìdákẹ́jẹ́.]

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Ràṣídì? Ṣé o gbọ́ mi?

RASHEED: Mo gbọ́ yín.

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Mo rò pé network ti lọ ni.

RASHEED: Sister mi. Ta ló jẹ sàárì?

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Gbogbo wa.

RASHEED: Gbogbo yín, àti Kaspar?

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Ṣebí ìwọ lo ní kò gbọdọ̀ jẹun títí wọ́n á fi ṣe é tán? Mo gbọ́. Ààwẹ̀ nìyẹn. Mo wá jí i ní aago méjì ààbọ̀, kí àsùbá tó wọlé, mo fún un ní tiẹ̀. Láti ìgbà náà, kò tíì fẹnu kan omi. Ó ń ṣe é dáadáa.

RASHEED: Mo ní láti aago mẹ́jọ alẹ́.

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Láti aago mẹ́jọ alẹ́ di aago mẹ́wàá àárọ̀, láìjẹ sàárì? Ta ló ń gbààwẹ̀ bẹ́ẹ̀?

RASHEED: Ajá.

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Èmi ò lè fojú mi rí i. Èmi ni mo kọ́ ìwọ náà ní ààwẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni ẹ́, nílé wa ní Ìbarà, omi tútù ni mo fi ń jí ẹ. Wàá máa sunkún pé oorun lo fẹ́. Tó bá wá di ọ̀sán, wàá wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

RASHEED: Ìwé wà nínú báàgì, Sister mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Mo rí i. Yusrah kà á fún mi. Mo ní mo mọ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlógójì tí mo ti ń gbààwẹ̀, bébà kan wá fẹ́ kọ́ mi.

RASHEED: Kí ló jẹ?

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Ìrẹsì díẹ̀. Ẹran màlúù. Dàbínù mẹ́ta.

RASHEED: Pẹ̀lú kóró?

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Mo yọ kóró ẹ̀. Ṣé orí mi dàrú ni?

RASHEED: Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́ta?

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Wọn kì í fún èèyàn ní méjì; sunna ni kó jẹ́ ẹyọ kan tàbí mẹ́ta.

RASHEED: Iyọ̀ ńkọ́? Ọbẹ̀ tẹ́ ẹ̀yin jẹ ni?

MỌ̀RÍÁMỌ̀: O ti kìlọ̀ iyọ̀ fún mi. Ìkòkò tiẹ̀ lọ́tọ̀ ni mo gbé kaná, láìsí iyọ̀, láìsí ata. Mo dìde ní aago kan ààbọ̀ torí ìkòkò ajá. Má bá mi sọ̀rọ̀ bíi pé mi ò ṣe nǹkankan.

[Ọkọ̀ ń gba orí afárá. Ohùn ń já.]

RASHEED: Sister mi, ẹ gbọ́. Tí wọ́n bá fún un ní oògùn oorun, tí oúnjẹ sì wà nínú ẹ̀, ó lè bì í. Èébì yẹn lè gba ọ̀fun ẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ó máa kú kí wọ́n tó fọwọ́ kan àyà ẹ̀ rárá. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Ariwo irin.]

RASHEED: Sister mi? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Mo gbọ́ ẹ.

RASHEED: Mo rò pé—

MỌ̀RÍÁMỌ̀: O ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi.

RASHEED: Mo sọ fún yín pé kò gbọdọ̀ jẹun.

MỌ̀RÍÁMỌ̀: O sọ pé kò gbọdọ̀ jẹun. O ò sọ pé ó máa kú. Tó o bá sọ pé ó máa kú ni, mi ò bá jẹ́ kí ebi pa á mọ́jú.

RASHEED: Òótọ́ ni. Mi ò sọ ọ́.

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Kí la máa ṣe báyìí?

RASHEED: Ẹ jẹ́ kí n ronú. Méjì ààbọ̀ sí mẹ́wàá. Wákàtí méje ààbọ̀ nìyẹn. Bóyá oúnjẹ yẹn ti dà.

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Bóyá?

RASHEED: Àwọn kan ní wákàtí mẹ́fà ti tó.

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Àwọn wo?

RASHEED: Mo kà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Báyìí báyìí.

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Ràṣídì.

RASHEED: Sister mi, ajá kan wà lórí list lẹ́yìn tiwa, láti Bremen. Lánàá ni wọ́n pè mí pé ẹni tó ni ín ti dé, ó ń dúró, bóyá àyè á ṣí. Tẹ́ ẹ bá sọ pé Kaspar ti jẹun, òun ni wọ́n máa gbé wọlé. Wọn ò ní lè ṣe ju ẹyọ kan lọ́la kí wọ́n tó lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, ẹlòmíì sì ti gba ẹyọ kan yẹn.

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Kí lo wá fẹ́ kí n sọ?

RASHEED: Wọ́n á bi yín pé ìgbà wo ló jẹun kẹ́yìn. Ẹ ní aago mẹ́jọ alẹ́.

[Ohùn ẹ̀rọ ń kéde ibùdó tó kàn.]

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Mò ń gbààwẹ̀.

RASHEED: Mo mọ̀.

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Ìwọ náà ń gbààwẹ̀.

RASHEED: Mo mọ̀, Sister mi.

MỌ̀RÍÁMỌ̀: O sì gbọ́ ohun tó o sọ.

RASHEED: Mo gbọ́ ọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Tí wọ́n bá dá a padà, ó ti parí nìyẹn. Ṣé èmi ni màá lọ dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì Frau Wiese pé a pàdánù àyè ẹ̀ nítorí sàárì?

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Tó bá kú lórí tábìlì wọn ńkọ́? Kí lo máa dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì sọ?

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Ṣé o gbọ́ mi?

RASHEED: Mo gbọ́ yín.

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Ó ń wò mí. Látìgbà tó o ti sọ̀rọ̀ yẹn ló ti ń wò mí. Ojú ẹ̀ ń tì mí, Ràṣídì. Ó ń mi ìrù sí mi, kò mọ nǹkan tí mo ṣe fún un.

[Ajá ń wúkọ́. Ó tún wúkọ́, ó pẹ́.]

RASHEED: Kí nìyẹn?

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Ikọ́ ẹ̀ ni. Dúró. Dúró ná. Kaspar. Kaspar, rọra.

RASHEED: Ẹ wo ahọ́n ẹ̀. Àwọ̀ wo ló ní?

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Ó ti ń dúdú létí. Mo ti gbé e síta. Ó wà láyà mi.

RASHEED: Ìbọ̀wọ́ ńkọ́?

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Ìbọ̀wọ́ wo? Ẹni tí ò lè mí ni màá máa wá ìbọ̀wọ́ fún?

RASHEED: Mo kàn ní alùwàlá yín—

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Omi ò wọ́n ní Hamburg. Màá fọ̀ ọ́. Ọkàn ẹ̀ ń sáré níbi àyà mi, bí ẹni pé ó fẹ́ já jáde. Àní ajá ò wúwo tó àpò ìrẹsì kékeré. Mi ò mọ̀ pé ohun tó kéré tó yìí lè máa jìyà tó bẹ́ẹ̀.

[Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ṣí. Ẹsẹ̀ ń yára.]

RASHEED: Ẹ ti sọ̀ kalẹ̀?

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Mo ti sọ̀. Mò ń rìn. Mo rí ilé náà.

RASHEED: Sister mi, ẹ dúró ná, ká fẹnu kò kẹ́ ẹ tó—

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Ẹnu wa ti kò. Ìwọ ni ò tíì mọ̀.

[Ohùn ń já. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan.]

RASHEED: Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Ilẹ̀kùn gíláàsì. Ajá ńlá kan gbó níbì kan. Ohùn obìnrin kan kí i ní Jámánì.]

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Guten Morgen. Kaspar. Er hat gegessen.

RASHEED: Ẹ ti sọ pé ó ti jẹun.

[Ohùn obìnrin náà, ó ń béèrè. Mọ̀ríámọ̀ ń dáhùn ní Jámánì. Obìnrin náà tún béèrè. Ẹsẹ̀ ń lọ kíákíá.]

RASHEED: Sister mi, kí ni wọ́n wí?

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Mo sọ fún un pé ó ti jẹun, ní aago méjì ààbọ̀. Ó bi mí pé kí ló jẹ, mo kà á fún un. Ó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, dàbínù pàápàá. Ó wá bi mí pé kí ló dé. Mo ní a wà nínú ààwẹ̀ ni. Ó ní ṣé ajá náà wà nínú ẹ̀. Mo ní ilé mi ló sùn.

RASHEED: Ó bínú?

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Kò bínú. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó ti gba Kaspar lọ́wọ́ mi, ó gbé e wọlé pé kí wọ́n fún un ní afẹ́fẹ́, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ wo inú ẹ̀.

RASHEED: Ajá Bremen ńkọ́? Ṣé ẹ rí i?

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Ó jókòó sí ọ̀kánkán mi, òun àti ọkùnrin kan. Ọkùnrin náà gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ. Kò lè wojú mi. Ó ń gbàdúrà pé kí wọ́n mú tiẹ̀, mi ò sì lè bá a wí.

[Ohùn ẹ̀rọ ń pe nọ́ńbà ní Berlin.]

RASHEED: Ó ku èèyàn mẹ́rin níwájú mi.

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Jókòó jẹ́ẹ́.

[Fóònù ń dún ní ọsibítù ẹranko ní Hamburg, ẹnìkan gbé e. Ilẹ̀kùn ṣí. Ohùn ọkùnrin kan ní Jámánì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mọ̀ríámọ̀ ń dáhùn, «Ja», «Ja», «Verstehe», pé ó ti yé òun.]

RASHEED: Sister mi?

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Dókítà ni.

RASHEED: Kí ló wí?

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Wọ́n ti wo inú ẹ̀. Oúnjẹ yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ó ní bí mo ṣe fún un jẹ ló ṣe wà. Ó ní ara aláìsàn kì í tètè da oúnjẹ.

[Ohùn ẹ̀rọ ń pe nọ́ńbà ẹlòmíì ní Berlin.]

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Ṣé o gbọ́ mi?

RASHEED: Mo gbọ́ yín. Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ sọ pé aago mẹ́jọ alẹ́.

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Mo mọ̀. Èmi ni mo fún un ní oúnjẹ. Kò sí ẹni tó máa fi ìkan bú èkejì.

RASHEED: Ṣé wọ́n ti dá a padà?

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Rárá. Ajá Bremen ló máa kọ́kọ́ wọlé. Ó ní iṣẹ́ yẹn lè gbà tó wákàtí márùn-ún. Ó lọ bi àwọn ará Japan pé ṣé wọ́n lè ṣe méjì lójúmọ́ kan. Ó ní wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní tí ọkàn Kaspar bá lè gbé e di ìrọ̀lẹ́, àwọn á ṣe é.

RASHEED: Ṣé ó lè gbé e?

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Mo bi í. Ó ní òun ò mọ̀. Ó ní òun ò fẹ́ purọ́ fún mi.

RASHEED: Ìrọ̀lẹ́ jìnnà.

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Ó jìnnà. Wọ́n máa fi í sínú àpótí onígíláàsì tí afẹ́fẹ́ wà. Obìnrin yẹn ní kí n máa lọ sílé, pé àwọn á pè mí. Mo ní mi ò lọ.

RASHEED: Ẹ lọ sinmi, Sister mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ò tíì sùn láti aago kan ààbọ̀. Aago mẹ́wàá alẹ́ ku díẹ̀ ni mágàríbì.

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Omi wà níbí. Ibí ni màá ti ṣínu.

[Ohùn ẹ̀rọ ń pe nọ́ńbà.]

RASHEED: Nọ́ńbà mi nìyẹn. Sister mi, kí ni màá sọ fún Frau Wiese? Ó máa pè mí láìpẹ́.

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Bó ṣe rí ni kó o sọ fún wọn. Má yọ nǹkankan kúrò. Tí wọ́n bá béèrè ẹni tó fún un lóúnjẹ, dárúkọ mi.

RASHEED: Màá ní èmi ni mi ò ṣàlàyé fún yín dáadáa.

MỌ̀RÍÁMỌ̀: O tún fẹ́ purọ́.

RASHEED: Ìyẹn kì í ṣe irọ́.

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Ó dáa. Sọ pé àwa méjèèjì ni.

[Ohùn ẹ̀rọ tún pe nọ́ńbà kan náà.]

MỌ̀RÍÁMỌ̀: Lọ, wọ́n ń pè ẹ́. Wọ́n ti ń gbé e kọjá lọ síbi àpótí yẹn. Ó rí mi. Ó yí orí padà lọ́wọ́ obìnrin yẹn, ó ń wá mi. Mo sọ fún un pé mi ò lọ síbì kankan, pé títí wọ́n á fi parí, ẹnu ọ̀nà yìí ni mo wà. Àṣé Yorùbá ni mo fi sọ ọ́. Ràṣídì, ajá Jámánì ni, mi ò mọ̀ bóyá ó—

[Ìpè já.]